Àwo Ẹ̀wà Kejì

Nílùú míì, bí èèyàn bá se ẹ̀wà, ẹ̀wà ló sè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Igbó-Ọrà, bí ìyá ìbejì bá gbé ẹ̀wà kaná tó sì pe àwọn ọmọ àdúgbò jọ, kò sẹ́ni tó máa béèrè ohun tó ń ṣe. Wọ́n ti mọ̀. Àwọn tó ń ṣe é fún ìbejì ò fi bò, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn jà. Ìjọ tèmi ló ní ọmọ ìjọ kò gbọdọ̀ ṣe é. Ó wà nínú ìwé òfin wa, ojú ewé kẹta. Mo mọ ojú ewé náà dáadáa nítorí èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Tíṣà ni mí. Mo dé ipò ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Màmá Tíṣà ni wọ́n ń pè mí lójú mi. Lẹ́yìn mi, Ìyá Òfin ni. Mo máa ń gbọ́ ọ, inú mi a sì dùn. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìbáwí nínú ìjọ wa. Bí ọmọdébìnrin kan bá dé wíìgì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí orin àkọ́kọ́ tó parí. Bí ọkùnrin kan bá lọ fẹ́ ìyàwó kejì pamọ́ sí Tápà, tó rò pé Tápà jìnnà, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé mi. Wọ́n á wá máa bẹ̀ mí. Èsì mi ò yàtọ̀ rí: ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Mo gbà tọkàntọkàn pé bí èèyàn bá ti pa gbogbo òfin mọ́, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ò ní rí ibi tó máa ti mú un. A máa ń kọrin ore-ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ohùn mi a sì máa ròkè. Ṣùgbọ́n lọ́kàn mi lọ́hùn-ún, àwọn tí ò lè ṣe dáadáa ni mo rò pé ore-ọ̀fẹ́ wà fún.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Ọdún méjìlá ni mo fi ju àbúrò mi obìnrin lọ. Nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mo mú un wá sọ́dọ̀. Mo tọ́ ọ, mo nà án, mo kọ́ ọ ní ìwé kíkà, kò fẹ́ ìwé. Aṣọ rírán ló fẹ́. Ó kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ́ ọ lọ, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí ọsibítù. Ẹlẹ́rìn-ín ni. Bí a bá di ojú gbàdúrà tí àdúrà bá pẹ́, èmi a máa la ojú kan láti wo ẹni tó ń sùn, òun a sì ti la tiẹ̀ láti wò mí, á máa rẹ́rìn-ín sí mi. Ó fẹ́ káfíńtà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èrúwà. Òpin ọ̀sẹ̀ ni ọkọ máa ń wálé. Ó pẹ́ gan-an kó tó bímọ, nígbà tó sì máa bí, ìbejì ló bí, obìnrin méjèèjì.

Ọmọ tí wọ́n bá ti bí bẹ́ẹ̀, ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan ni a gbọ́dọ̀ ṣe fún èkejì. Àwọn méjèèjì yìí kì í fi èyí ṣeré. Bí o bá fún ọ̀kan ní bísíkíìtì, kò ní í jẹ ẹ́ títí èkejì á fi gba tiẹ̀. Àwo wọn dọ́gba, ife wọn dọ́gba. Ìyá wọn á bu oúnjẹ tán, wọ́n á wá tẹ orí wò ó bóyá ti ọ̀kan pọ̀ ju ti èkejì lọ.

Wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ibà mú èyí tó kọ́kọ́ dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọjọ́bọ̀ ló kú. Pásítọ̀ wá, a sin ín. Àbúrò mi ò pariwo. Ó ń ká aṣọ ọmọ náà, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ọkọ rẹ̀ dúró fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ nítorí kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é.

Èyí tó kù kò jẹun. Mo gbọ́ pé kò jẹun, mo gbàdúrà lé e lórí, mo ra ohun mímu dídùn wá, kò mu ún. Mo tún padà lọ ní ọjọ́ kẹsàn-án, ní ọ̀sán. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ ilé kejì kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà, epo yí wọn lẹ́nu. Mo wọlé. Èyí tó kù jókòó nídìí tábìlì, àwo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwo kejì wà, àwo ti èyí tó kú, tí ẹ̀wà kún inú rẹ̀, ṣíbí lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀.

Mo ní, "Ta ló ni eléyìí?"

Àbúrò mi nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n bu tiyín."

Mi ò jókòó. Mi ò béèrè nǹkan kan mọ́. Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rí ìyá kan ní àdúgbò wa tó máa ń fún ère ìbejì rẹ̀ lóúnjẹ, á fi epo pa á lẹ́nu, á sì gbé e pọ̀n. Ohun tí mo rò pé mo rí lórí tábìlì yẹn nìyẹn. Àwọn àgbà ní ojú á rí, ẹnu á dákẹ́. Tèmi ò dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìgbìmọ̀: ó se ẹ̀wà ìbejì, ó pe àwọn ọmọdé jọ, ó bu oúnjẹ fún òkú. Mo tiẹ̀ rò pé Ọlọ́run ń wò mí, pé inú rẹ̀ á dùn pé mi ò fi ti ọmọ ìyá mi ṣe.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e ni wọ́n pè é sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbà ìjọ ọkùnrin márùn-ún ló jókòó, èmi ni ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ìwé wà nílẹ̀ níwájú mi.

Alága ní, "Arábìnrin, ta lo bu oúnjẹ yẹn fún?"

Ó ní, "Ọmọ mi ni, sà."

"Èwo nínú ọmọ rẹ?"

Ó ní, "Èyí tó kú."

"Ta ló rán ọ? Ìyá ọkọ rẹ ni, àbí ẹnì kan ní àdúgbò?"

Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí n gbà á sílẹ̀, mo sì rò pé ojú àánú ló ń ṣe sí mi, mo bá tẹ orí mọ́ ìwé. Nígbà tó dáhùn, ohùn rẹ̀ ò ga. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bù ú." Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ìbáwí ní ìjọ wa, bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ni yóò máa jókòó, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò sì ní jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Nígbà tí oṣù bá pé, á dúró níwájú ìjọ, á jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, Pásítọ̀ á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á padà sáyè rẹ̀. Oṣù mẹ́fà pé, èmi ni mo pe orúkọ rẹ̀. Ó dìde láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kó sọ pé òun bọ òrìṣà. Ó ní, "Mo bu oúnjẹ fún ọmọ mi. Bí ìyẹn bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mi ò bọ òrìṣà, mi ò sì lè sọ pé mo bọ ọ́." Alága mi orí. Àbúrò mi padà jókòó. Oṣù mẹ́fà yẹn di ọdún kan, ó di ọdún kejì, ó kọjá bẹ́ẹ̀.

Mo ti rò pé yóò kúrò. Ṣọ́ọ̀ṣì ò wọ́n ní Igbó-Ọrà, ìmíì á tiẹ̀ fi ìlù pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ká ní ó lọ ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Kò lọ. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń wá. Òun ló ṣì ń rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù ló máa ń ni mí lára jù, nítorí bí àwọn ìyá ọlọ́mọ bá fẹ́ lọ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa níwájú, òun ni wọ́n ń gbé ọmọ sí lọ́wọ́. Á pọn ọ̀kan, á gbé ọ̀kan lé itan, á máa mì wọ́n kí wọ́n má sunkún títí ìyá wọn á fi jẹun tán. Èmi a máa jẹ tèmi níwájú, mi ò ní wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kan mo lọ wọn aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an? Gbólóhùn kan péré ni. Sọ ọ́, kí o kúrò níbẹ̀. O ń dójú tì mí."

Ó ní, "Ẹ na ọwọ́ yín sókè, ẹ̀gbọ́n mi." Ó fi téèpù yí mi láyà. "Ṣé ẹ rò pé Jésù ò rí ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn ni?"

Mo ní òfin ni òfin.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àánú yín ń ṣe mí. Ẹ̀ ń sin Ọlọ́run bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

Inú bí mi. Ṣé èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, èmi tí mo fọṣọ ìdọ̀tí rẹ̀? Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, oṣù méjì yẹn ń dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ pé oṣù tó kù fún un ò pọ̀.

Kókó kan ló yọ sí i lọ́mú. Ó fi pamọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi máa mọ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Ìbàdàn, àwọn dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Wọ́n gé e, wọ́n fún un lóògùn, irun rẹ̀ re. Ọkọ rẹ̀ ní kó wá máa gbé ní Èrúwà lọ́dọ̀ òun kí òun lè máa tọ́jú rẹ̀, bí wọ́n ṣe kó lọ nìyẹn, òun àti ọmọ kan tó kù. Èmi ni mo bá wọn di ẹrù. Mo gbé àpótí ìránṣọ rẹ̀, ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Kì í ṣe pé yóò kú nìkan. Yóò kú lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí èmi tì. Ìwé mi ni wọ́n fi lé e nídìí tábìlì Olúwa, kò sì sí ọ̀nà tí yóò gbà padà síbẹ̀ bí kò bá lè dìde dúró. Mi ò sùn dáadáa mọ́, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu mi.

Mo lọ bá Pásítọ̀ nílé. Mo ti kọ́ wọn ní pírámárì rí, wọ́n sì máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi títí dòní. Mo ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n bá mi gbé búrẹ́dì àti wáìnì lọ fún àbúrò mi ní Èrúwà.

Pásítọ̀ wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ̀yin gan-an lẹ kọ ọ́. Ẹni tí kò bá jẹ́wọ́, kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Bí mo bá ṣe é fún àbúrò yín, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tó kù? Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé nìkan. A ó kà á fún ìjọ, mo máa lọ lọ́jọ́ náà gan-an."

Mo jókòó, mo kọ ìwé náà. Mo mọ̀wé kọ. Mo gbé e lọ sí Èrúwà pẹ̀lú gègé. Àbúrò mi kà á lórí ìbùsùn. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ dáadáa o. Àṣìṣe kankan ò sí níbẹ̀." Ó ká a, ó dá a padà fún mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá fọwọ́ sí i, kí ló gbà mí, ìwé yìí ni àbí Jésù?"

Mo ní, "Tìtorí tèmi, fọwọ́ sí i."

Ó ní, "Tiyín ni mo ń rò." Kò ṣàlàyé, mo sì rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sáyè mi níwájú. Wọ́n gbé àwo búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ mi. Mo mú ẹyọ kan, mo gbé ọwọ́ lọ sẹ́nu, mi ò jù ú sẹ́nu. Mo sọ ọ́ sínú áńkáṣíìfù tó wà lórí itan mi, mo dì í. Wáìnì ò ṣeé dì sáṣọ, mo mu ún. Ọkàn mi ń lù kìkì bí ti olè, olè náà sì ni mo jẹ́. Láti kékeré mi títí di ọjọ́ náà, mi ò mú ohun tí kì í ṣe tèmi rí.

Mi ò dúró de orin ìparí. Mo gun ọ̀kadà kan, mo ní Èrúwà. Oòrùn mú. Mo di áńkáṣíìfù yẹn mọ́wọ́ láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, gbogbo ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ tí ọ̀kadà ń fò, mo ń bẹ Ọlọ́run kí ó má fọ́. Nígbà tí mo dé, tí mo tú u, ó ti fọ́. Ó ti gbẹ, ó ti rún wẹ́wẹ́.

Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ọmọ náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwa méjèèjì nìkan ló wà ní yàrá. Mo kúnlẹ̀ nídìí ìbùsùn, èmi ẹ̀gbọ́n, mo gbé áńkáṣíìfù síwájú rẹ̀.

Ó ní, "Kí nìyí?"

Mo sọ fún un.

Ó wo inú áńkáṣíìfù, ó wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ jí i?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀rín mú un títí ikọ́ fi gbà á. Mo bu omi fún un. Nígbà tó fara balẹ̀, ó béèrè pé, "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ jẹ tiyín?"

Mo ní, "Èyí tí mo fẹ́ jẹ nìyẹn."

Ó fi ìka rẹ̀ tó ti gbẹ kó èérún náà jọ sí ojú kan. Ó pín in sí méjì. Ó tẹ orí wò ó bóyá ó dọ́gba, bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ó ní kí n la ẹnu. Mo ní kó jẹ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ la ẹnu, jàre." Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí mi lẹ́nu, ó wá jẹ tiẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó fi ọwọ́ bo ọwọ́ mi, ó ní ọjọ́ tí mo tẹ orí mọ́ ìwé ní yàrá ìgbìmọ̀ ni òun ti dárí jì mí, pé kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Ọdún méjì ààbọ̀ nìyẹn. Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé mo ṣẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ló kú. Èrúwà ni a sin ín sí, lẹ́yìn ilé ọkọ rẹ̀. Ìjọ ò lè sin ín nítorí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé. Àwọn mùsùlùmí aládùúgbò ló bá wa gbẹ́ ilẹ̀. Pásítọ̀ wá, wọn ò wọ aṣọ oyè, wọ́n dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, wọ́n sì di fìlà wọn mọ́wọ́ títí a fi parí. Mo rí i pé wọ́n ń sunkún. Ìka tí mo gé, ọwọ́ tèmi ló wà.

Ọjọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tó tẹ̀ lé e, mo dìde nínú ìjọ, mo ní mo jí búrẹ́dì. Ìgbìmọ̀ ní kí n jókòó, pé ìbànújẹ́ ni, pé màmá ti dàgbà. Mo bá wọn jà. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ fojú fò mí. Mo kó Bíbélì mi àti ìwé orin mi, mo lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, ibi tí àbúrò mi máa ń jókòó. Mo ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà. Mo ti wá mọ̀ pé ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀ ni pé mo fẹ́ fi ìjókòó san gbèsè ohun tó ṣe fún mi, bí Ìyá Òfin ṣe máa ń ṣe. Kò ṣeé san. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mi ò tíì lè dìde.

Ọkọ rẹ̀ ní kí ọmọ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi nítorí ilé ìwé. Ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan báyìí, mo se ẹ̀wà. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀wà ló wà nílé. Ó tọ́ ọ wò.

Ó ní, "Màmá Tíṣà, kò jọ ti mọ́mì mi."

Mo ní, "Báwo ni tiwọn ṣe máa ń rí?"

"Tiwọn máa ń ṣàn díẹ̀." Ó ń fi ṣíbí rò ó. "Nígbà tí èkejì mi kú, ẹ̀wà ni mo kọ́kọ́ jẹ. Mo sọ fún mọ́mì mi pé mi ò ní jẹun bí wọn ò bá bu tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Wọ́n ní kò lè jẹ ẹ́. Mo ní kí wọ́n ṣáà bù ú. Wọ́n sunkún, wọ́n bù ú, mo wá jẹ. Èmi ni mo tún ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ ilé kejì wá, nítorí ilé dákẹ́ jù."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tí kò tó nǹkan. Ṣíbí mi dúró lójú kan. Mo tún rí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ ohùn alága: ta ló rán ọ? Mo rí ojú tí àbúrò mi fi wò mí. Ká ní ó sọ ọ́ ni, a ò ní bá a wí. Èwo nínú wa ni ì bá bá ìyá tó ń wá bí ọmọ á ṣe jẹun wí? Ṣùgbọ́n Igbó-Ọrà ni a wà, kò sí ọ̀rọ̀ tó ń dúró nínú yàrá. Bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan á sọ ọ́ sétí ọmọ náà pé nítorí rẹ ni wọ́n ṣe fẹ́ lé ìyá rẹ nídìí tábìlì Olúwa. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin èkejì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yàn láti jókòó sẹ́yìn. Ó jókòó síbẹ̀ títí ó fi kú, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ ọ́ fún èmi tí mo jẹ èérún búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ fún mi, mo máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Màmá Tíṣà, kí ló dé tí mọ́mì mi fi máa ń jókòó lẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo mọ ohun tí ń bẹ lẹ́nu mi. Òótọ́ ni, odindi òótọ́, mo sì ti fi gbogbo ayé mi sọ pé òótọ́ kì í ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Èmi ni. Mo kọ nǹkan kan nípa wọn sínú ìwé."

"Irọ́ ni?"

"Ohun tí mo rí ni mo kọ. Mi ò béèrè ohun tí mi ò rí."

Ó ní, "Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin ni?"

"Wọ́n mọ̀."

"Ṣé wọ́n bínú sí yín?"

Mo ní rárá.

Ó wò mí, ojú ìyá rẹ̀ gan-an. Ó ní, "Inú ń bí èmi."

Mo ní, "Ó yẹ kó bí ọ."

Ó jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kó àwo tèmi mọ́ tiẹ̀, ó lọ fọ̀ wọ́n.